Wọ́n Ní Wọ́n Pa Àwọn Òṣèré Náà Ní Tòótọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì gba fíìmù kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wá bá òun wò ó. Cannibal Holocaust ni wọ́n ń pè é, àwọn òyìnbó Ítálì ló ṣe é. Mi ò wò ó dé ìdajì tí mo fi sá jáde nínú yàrá. Àbúrò mi wá ń bú mi sẹ́rìn-ín pé wọ́n pa àwọn òṣèré yẹn gan-an ni, pé ọlọ́pàá mú ẹni tó darí rẹ̀ nítorí ìpànìyàn. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Ṣé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbì kan tí wọ́n ń jẹ èèyàn ẹlẹgbẹ́ wọn? Ojú sì ń tì mí láti sọ èyí: orin tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà dùn mọ́ mi. Ta ló kọ ọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tí kò jẹ́ kí o sùn kúrò ná. Kò sí òṣèré kan tó kú nínú fíìmù yẹn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣe oníròyìn, tí wọ́n ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ nínú rẹ̀, ilé wọn ni wọ́n gbà lọ nígbà tí iṣẹ́ parí. Kódà, ọ̀kan nínú wọn, Luca Barbareschi, jáde dupò ní Ítálì lọ́dún 2008, ó wọlé, ó di aṣòfin. Òkú wo ló ń gbé àpótí ìbò?

Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ò parọ́ tán. Òótọ́ ni pé wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan olùdarí fíìmù náà. Òótọ́ sì ni pé ẹ̀jẹ̀ gidi wà níbẹ̀, ẹ̀mí gidi sì bọ́. Ibi tí àbúrò rẹ ń nawọ́ sí ni kì í ṣe ibẹ̀. Èyí tó jẹ́ eré ni ayé gbà pé òótọ́ ni. Èyí tó jẹ́ òótọ́, inú fíìmù náà gan-an ni wọ́n ti sọ pé eré ni, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí n lẹ́nu ọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n máa ń pè síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù bí ó bá di pé kí ẹnì kan gbọgbẹ́. Ṣúgà tí mo sè títí tó fi ki, àwọ̀ pupa tí àwọn oníkéèkì ń lò, àti ìwọ̀nba kòkó lẹ́búlẹ́bú kó má baà dà bíi sóbò: ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Àwọn òṣèré tí mo ti gún lọ́bẹ kò níye mọ́, a ó sì jọ jókòó jẹ ìrẹsì nígbà tí iṣẹ́ bá ṣíwọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Cannibal Holocaust, ibi tó ba àwọn ẹlòmíràn lẹ́rù kọ́ ló bà mí. Ibòmíràn ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá: Ruggero Deodato ló darí rẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n yà á, ó sì jáde ní Milan ní oṣù Kejì ọdún 1980. Leticia ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìlú kan ní ìpẹ̀kun gúúsù Colombia, létí odò Amazon, níbi tí ilẹ̀ Colombia, Brasil àti Peru ti kanra. Ìtàn náà pín sí méjì. Ọ̀dọ́ oníròyìn mẹ́rin láti Amẹ́ríkà wọ inú igbó lọ ya fíìmù nípa àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ní wọ́n ń jẹ èèyàn, wọn ò padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti New York, Harold Monroe, èyí tí Robert Kerman ṣe, wá wọn lọ. Òkú ló bá. Ó fi ọgbọ́n gba àwọn agolo fíìmù wọn lọ́wọ́ àwọn ará igbó, ó gbé wọn padà sílé. Apá kejì wá ni ohun tó wà nínú àwọn agolo yẹn. Níbẹ̀ la ti rí i pé àwọn oníròyìn wọ̀nyí ni ìkà gan-an: wọ́n kó àwọn ará abúlé kan sínú ilé, wọ́n dáná sun ún kí kámẹ́rà lè rí nǹkan yà, wọ́n fipá bá ọmọbìnrin kan lò, wọ́n wá ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀yà mìíràn ló ṣe é. Ìgbà tí àwọn onílẹ̀ dìde sí wọn, kámẹ́rà ò dúró, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ya ikú ara wọn.

Ọgbọ́n tí Deodato lò nìyẹn, ọgbọ́n náà sì jinlẹ̀. Apá ti Monroe, fíìmù tó fẹ̀, tó mọ́ rekete, irú èyí tí sinimá ń lò, ni wọ́n fi yà á. Apá ti àwọn oníròyìn, fíìmù tóóró onímìlímítà 16 ni, tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ́wọ́, tí àwòrán ń mì jìgìjìgì. Lẹ́yìn náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha ojú fíìmù náà kó lè dà bí ohun tó ti jìyà nínú igbó. Láwọn ibì kan, wọ́n yọ ohùn kúrò pátápátá. Lónìí, lẹ́yìn The Blair Witch Project, fíìmù ọdún 1999 tó lo irú ọgbọ́n kan náà, àti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọdé mọ̀ pé àrà ni. Lọ́dún 1980, ẹni tó jókòó sí sinimá ní Milan ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó bá mì, tí ojú rẹ̀ ha, tó ń pàdánù ohùn, ìròyìn ni lójú tirẹ̀.

Sergio Leone, ògbóǹtarìgì olùdarí fíìmù kọ́bọ́ì nì, kọ lẹ́tà sí Deodato lẹ́yìn tó wò ó. Ó yìn ín gidigidi, ó ní iṣẹ́ ńlá ni apá kejì yẹn, ṣùgbọ́n ó jọ òótọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, yóò kó o sí wàhálà. Kò pẹ́ tó fi bẹ́yìn yọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tó jáde, adájọ́ ní Milan ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìwà ìbàjẹ́ ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Ọdún kejì ni ìwé ìròyìn Photo ti ilẹ̀ Fáránsé kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ pé àwọn kan kú ní tòótọ́ nínú rẹ̀. Ni ẹ̀sùn bá yí padà, ó di ìpànìyàn.

Ta ló wá kó Deodato sí i? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ti ní kí àwọn òṣèré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí ìwé pé wọn ò ní yọjú sí fíìmù tàbí ìpolówó kankan fún odindi ọdún kan, kí aráyé lè gbà pé wọ́n ti bá igbó lọ. Ó rò pé òun ń polówó ọjà ni. Ìgbà tí kóòtù wá ń béèrè pé "Àwọn ọmọ yìí dà?", ẹni tó fi wọ́n pamọ́ ló ń sáré wá wọn kiri. Ó ké sí Barbareschi pé kó bá òun kó àwọn yòókù jọ. Wọ́n yọjú, tẹlifíṣọ̀n fi wọ́n hàn, gbogbo èèyàn rí i pé wọ́n ṣì ń mí. Ìyẹn nípa ti àwọn mẹ́rin.

Ó ku ọmọbìnrin orí òpó. O lè má tíì dé ibẹ̀ kí o tó sá, ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ló wà lára páálí fíìmù náà káàkiri ayé: ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi igi gún láti ìdí, tí ṣóńṣó igi náà yọ lẹ́nu rẹ̀. Adájọ́ ò lè fojú fo ìyẹn. Deodato wá ṣàlàyé. Òpó irin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wọ́n de ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ orí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó lé e. Ó gbé ojú sókè, ó fi eyín di igi fúlẹ́fúlẹ́ kékeré kan mú, tí wọ́n ti gbẹ́ ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ tiwa yẹn lé e lórí. Ó parí. Deodato tún kó fọ́tò lọ síwájú adájọ́, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán.

Kí n sọ ohun kan fún ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe sí àárín ara ọmọbìnrin yẹn rárá. Igi wà nísàlẹ̀, igi wà lókè, ìwọ lo fa ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè nínú ọkàn rẹ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbìyànjú láti ṣe nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí i ṣe. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù yẹn, ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ni mo ń jowú rẹ̀.

Kóòtù dá ẹ̀sùn ìpànìyàn nù. Ṣùgbọ́n wọn ò dá Deodato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo: wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin fún wọn lórí ìwà ìbàjẹ́ àti ìkà sí ẹranko, èyí tí wọn ò lọ ṣe nítorí adájọ́ so ó rọ̀. Ọdún 1984 ni òfin tó de fíìmù náà ní Ítálì tó tú.

Ìkà sí ẹranko. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi ń mọ irọ́ iṣẹ́ wa, máa lò ó nígbà mìíràn. Má wo ọgbẹ́. Wo ibi tí kámẹ́rà ti kúrò. Bí wọ́n bá ń pa èèyàn nínú Cannibal Holocaust, kámẹ́rà á mì, á ṣubú, igi á dí i lójú, wọ́n á gé e, wọ́n á dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún ọ ni. Ṣùgbọ́n wo ìgbà tí wọ́n fa awun odò ńlá yẹn jáde nínú omi. Kámẹ́rà ò mì. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sá. Ó sún mọ́ ọn títí, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe gé orí, bí wọ́n ṣe gé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣí ìgbá ẹ̀yìn rẹ̀ tí nǹkan inú rẹ̀ sì ṣì ń mì. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́, nítorí kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ẹranko méje ni wọ́n pa nítorí fíìmù náà. Yàtọ̀ sí awun yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, erè wà níbẹ̀, aláǹtakùn ńlá kan wà níbẹ̀, àti ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà gúúsù kan tí wọ́n ń pè ní coati, tó nímú gígùn, tó rí bí ẹtà. Ọ̀bọ kékeré kan wà tí wọ́n gé lórí. Ọ̀kan lo rí, ṣùgbọ́n ìgbà méjì ni wọ́n yà á, méjì ló kú. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàápàá, ara wọn ò gbà á. Kerman kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa coati yẹn. Perry Pirkanen, tó wà lára àwọn tó pa awun náà, sunkún lẹ́yìn tí kámẹ́rà kú. Carl Gabriel Yorke, tó ṣe olórí àwọn oníròyìn, kọ̀ láti yìnbọn fún ẹlẹ́dẹ̀. Barbareschi ló gbà á ṣe. Deodato ní àwọn ará ibẹ̀ jẹ ẹran wọ̀nyẹn, kò ṣòfò. Ó ṣeé ṣe. Èmi náà ń jẹ ẹran, ilé wa la ti ń pa àgbò iléyá lójú ọmọdé àtàgbà, mi ò ní í ṣe bí ẹni mímọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa ẹran jẹ kì í fi ẹ̀mí rẹ̀ falẹ̀ kí àwòrán lè dára, kì í sì í sọ pé "ẹ gbé òmíràn wá, ẹ jẹ́ ká tún un yà."

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ dé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí Monroe tó wo agolo àkọ́kọ́, àwọn ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n ní New York fi iṣẹ́ kan tí àwọn oníròyìn náà ti ṣe tẹ́lẹ̀ hàn án, kó lè mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. The Last Road to Hell ni wọ́n pe àkọlé rẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni. Sójà ń yìnbọn, èèyàn ń ṣubú, wọ́n ń kó òkú. Ó parí, iná tàn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà wá sọ fún Monroe pé gbogbo ohun tó rí yẹn, àtọwọ́dá ni, pé ńṣe ni Alan, olórí àwọn oníròyìn náà, san owó fún àwọn sójà yẹn kí wọ́n bá òun ṣeré. Monroe mirí. Ìtàn ń bá a lọ.

Àbúrò mi, àwòrán gidi nìyẹn. Deodato kọ́ ló yà á; ó rà á ni, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù tirẹ̀. Ìlà-oòrùn gúúsù Éṣíà ni apá kan rẹ̀ ti wá. Nàìjíríà ni apá kejì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mi ò mọ̀. Mo kàn rí i pé kámẹ́rà ò sá. Mo rí bí èèyàn ṣe ń ṣubú nígbà tí kò sí ẹni tó sọ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣubú: wọn kì í ju ọwọ́ sókè bí àwọn òṣèré tiwa, wọ́n kàn máa ń tú palẹ̀ bí aṣọ tó já lókùn. Mo dá a padà, mo tún un wò, ara mi wá tutù.

Ẹni tó bá dàgbà láyé ológun ò nílò kí n ṣàlàyé. Lẹ́yìn ogun Biafra, ìjọba ṣòfin pé ìbọn ni ìdájọ́ adigunjalè, wọ́n sì ń ṣe é ní gbangba. Ní Èkó, Bar Beach ni. Wọ́n á to àgbá jọ, wọ́n á so èèyàn mọ́ òpó níwájú rẹ̀, èrò á ti kún etí òkun láti òwúrọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn fún Ishola Oyenusi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Àwọn tó ní kámẹ́rà ò gbẹ́yìn. Àwòrán irú ikú bẹ́ẹ̀ ń rìn láti ilẹ̀ wa dé ilẹ̀ òyìnbó nígbà náà, ẹni tó bá lówó lè rà á bí ẹni ra aṣọ.

Wàyí o, wò ó dáadáa. Oyìnbó mẹ́rin ṣe bí ẹni kú, kóòtù pe olùdarí, ó ní kó kó wọn jáde láàyè, tẹlifíṣọ̀n gbé ojú wọn sáfẹ́fẹ́, ìwé ìròyìn kọ orúkọ wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kú ní tòótọ́ nínú fíìmù kan náà, ẹ̀sùn ìpànìyàn yẹn ò kàn wọ́n, orúkọ wọn ò sí lára àwọn òṣèré, inú fíìmù náà sì ti gbé ẹnì kan dìde láti sọ fún òǹwòran pé ńṣe ni wọ́n ń ṣeré. Mo mọ̀ pé Deodato ò ro ó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ibẹ̀ kọ́ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ o. Lọ́dún 1962, Gualtiero Jacopetti, Franco Prosperi àti Paolo Cavara ṣe Mondo Cane, fíìmù tó kó àṣà tó yani lẹ́nu jọ láti gbogbo ayé, òótọ́ àti àtọwọ́dá lórí ara wọn, ó sì pa owó rẹpẹtẹ. Nígbà tó di 1966, Jacopetti àti Prosperi gbé Africa Addio jáde, nípa bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi Áfíríkà sílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni òkú ní Zanzibar, òkú ní Congo, àti ẹranko tí wọ́n ń pa. Wọ́n fẹ̀sùn kan Jacopetti pé ó mú kí wọ́n sún àsìkò tí wọ́n máa yìnbọn fún àwọn kan ní Congo kí kámẹ́rà lè rí i dáadáa. Kóòtù dá a láre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò nílẹ̀ ní Ítálì, òun sì ni Deodato ń ṣẹ́jú sí nígbà tó ní Alan san owó fún sójà.

Deodato máa ń sọ pé inú tó bí òun ló mú òun ṣe fíìmù náà. Ìgbà tí àwọn jàǹdùkú Red Brigades ń pààyàn ní Ítálì ni, tí wọ́n jí Aldo Moro, olórí ìjọba Ítálì nígbà kan rí, gbé, tí wọ́n sì pa á lọ́dún 1978, tí tẹlifíṣọ̀n ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn lójoojúmọ́. Ó ní àwọn oníròyìn ń to òkú bó ṣe wù wọ́n, òun sì fẹ́ tú wọn fó. Mo gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Apá ti tẹlifíṣọ̀n nínú fíìmù náà mú bí abẹ fẹ́lẹ́, ó dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u ti ṣe lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń bú ẹni tó sun abúlé torí kámẹ́rà, kí ni awun odò ṣe fún un?

O béèrè bóyá irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wà. Fíìmù náà lo orúkọ ẹ̀yà gidi: Yanomami, àti Shamatari, tó jẹ́ orúkọ tí àwọn Yanomami kan ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lápá gúúsù. Àwọn Yanomami wà lónìí, ní ààlà Brasil àti Venezuela, ibẹ̀ sì jìn réré sí Leticia. Àwọn tó o rí nínú fíìmù kì í ṣe Yanomami. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ agbègbè Leticia ni wọ́n kó wá, wọ́n kun ẹrẹ̀ sí wọn lára, wọ́n ní kí wọ́n máa ké. Àwọn Yanomami kì í pa èèyàn jẹ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé bí ẹni wọn bá kú, wọ́n á sun ún, wọ́n á gún egungun rẹ̀ kúnná, wọ́n á po eérú náà mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè, àwọn ará ilé á mu ún pẹ̀lú ẹkún. Ìsìnkú ni.  Tí o bá fi ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ wò ó, kò ní í bà ọ́ lẹ́rù.

Ohun tó ń jẹ àwọn Yanomami gan-an, wúrà ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn awawúrà ya wọ ilẹ̀ wọn, wọ́n kó ibà àti àrùn wọlé, èèyàn kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọdún 1992 ni Brasil tó pa ààlà ilẹ̀ wọn. Lọ́dún 1993, àwọn awawúrà pa mẹ́rìndínlógún nínú wọn ní Haximu, àti ọmọ kéékèèké, ilé ẹjọ́ ní Brasil sì pè é ní ìparun ẹ̀yà.

Ìtàn tiwa náà wà níbẹ̀ tó yẹ kí o mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba Samuel Àjàyí Crowther sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ́dún 1822, ọmọdé ni, kò tíì rí òyìnbó tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun rí ẹran funfun tí wọ́n so kọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi náà, wọ́n rí ọta àgbá tí wọ́n tò jọ róbótó-róbótó. Wọ́n gbà pé ẹran ara ọ̀kan nínú àwọn ni wọ́n so kọ́ yẹn, pé orí àwọn yòókù ni wọ́n tò jọ. Òyìnbó ń jẹ èèyàn, ó tán. Ìgbà tí Àjàyí fi ìbẹ̀rù sún mọ́ ẹran náà, tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì rí pátákò, ló tó mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Gbogbo ẹ̀yà tó bá kọ́kọ́ pàdé ara wọn ló máa ń rò bẹ́ẹ̀ nípa ara wọn. Àwọn kan kàn rówó fi ṣe fíìmù rẹ̀ ni.

Ṣé kí o padà lọ parí rẹ̀? Ìwọ tí o ti sá jáde, má padà. Kò sí ohun tí o pàdánù tí mi ò tíì sọ fún ọ. Ìfipábánilò inú rẹ̀ gùn, ó sì le ju ìjẹnìyàn lọ, ìyẹn nìkan tó ìdí. Ìlú Ọba fi fíìmù náà sára àwọn fídíò tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé láàárín àwọn ọdún 1980. Ìgbà tí wọ́n gbà á wọlé lọ́dún 2001, wọ́n gé nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà dànù. Ọdún 2011, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, àfi ìṣẹ́jú àáyá 15: ibi tí wọ́n ti pa coati yẹn, nítorí ikú rẹ̀ pẹ́ jù. Ẹ̀yà kan sì wà lórí díìsìkì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fo gbogbo ibi tí wọ́n ti pa ẹranko. Tí àbúrò rẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fíìmù, èyí ni kó wá. Kó wá sọ fún ọ ohun tó rí lójú àwọn tí wọ́n yìnbọn fún nínú The Last Road to Hell. Mo fẹ́ mọ bóyá yóò tún rẹ́rìn-ín.

Orin yẹn kò yẹ kó tì ọ́ lójú. Riz Ortolani ló kọ ọ́. Òun kan náà ló kọ orin Mondo Cane pẹ̀lú Nino Oliviero, èyí tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí tó di "More", tí wọ́n fa kalẹ̀ fún Oscar, tí Frank Sinatra pàápàá kọ. Nítorí orin yẹn ni Deodato ṣe lọ bá a. Gìtá díẹ̀, fáólìn, ohùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn, ọkọ̀ òfúrufú ń kọjá lókè igbó tútù yọ̀yọ̀, o ò ní í mọ ohun tó ń bọ̀. Ó wà lórí fóònù mi. Mo máa ń tàn án nígbà tí mo bá ń po ẹ̀jẹ̀, ìyàwó mi á sì pariwo láti ilé ìdáná pé kí n pa orin òkú yẹn.